Omi ló ń pa hyacinth, òtútù kọ́

Ìyá Ìbejì kan tó ń gbé ní Thamesmead, ní London, ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gé lẹ́tà wọn kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ hyacinth ni mo bá wá. Lọ́dún tó kọjá mo ra bulb ẹ̀, ìyẹn ìdí ẹ̀ tó rí bí àlùbọ́sà tí òdòdó ń ti inú ẹ̀ yọ, mo rì í mọ́lẹ̀ nínú gádìnì ẹ̀yìn ilé wa ní October, mo ń bomi rin ín dáadáa, nígbà tí òtútù dé mo fi nylon bò ó kí yìnyín má bàa pa á. Nígbà tó di March, ẹyọ méjì péré ló hù. Mo wú àwọn tó kù, gbogbo ẹ̀ ti rà, ó ń rùn. Èyí tí mo gbìn sínú pọ́ọ̀tù, mo gbé e wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ radiator kó lè rí ooru, ó hu ewé lóòótọ́ àmọ́ òdòdó ẹ̀ há sídìí ewé, kò lè jáde. Lọ́dún yìí mo ti tún ra òmíràn láti September, wọ́n ṣì wà nínú báàgì wọn lórí fíríìjì. Ṣé kò tíì pẹ́ jù? Ṣé kí n tún bò wọ́n? Ṣé èyí tó tanná nínú pọ́ọ̀tù, tí wọ́n fún mi ní Mother's Day, ṣé ó ṣeé gbìn síta? Ṣé mo sì lè mú díẹ̀ lọ fún màmá mi n'Íbàdàn, àbí òun náà ni èyí tó ń dí ojú omi l'Ékòó? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kówó mi tún ṣòfò."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Kò tíì pẹ́ rárá. Ìparí October la ṣì wà. Lóòótọ́ September sí October ló dáa jù láti gbin hyacinth síta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ẹni tó bá gbìn ín ní November náà á rí òdòdó ẹ̀, kó ṣáà ti wọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó le gbagidi. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe, kódà kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbé wọn kúrò lórí fíríìjì. Orí fíríìjì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyẹn ò dáa fún wọn, tó bá tún wá jẹ́ pé ibẹ̀ náà lẹ máa ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti apple sí, gáàsì tó ń jáde lára èso tó ń pọ́n lè pa òdòdó mọ́ inú bulb kó tó rójú ayé. Ẹ kó wọn sínú báàgì pépà, ẹ gbé wọn sí ibi tó tutù tó sì gbẹ, ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé dáa, títí di Sátidé tí ẹ máa ráyè.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ tọdún tó kọjá, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe gbogbo ohun tí ẹ ṣe yẹn, ó sì yé mi dáadáa. Àwa tí wọ́n bí síbi tí oòrùn ti ń ràn, tá a bá ti rí òtútù, ẹ̀rù á máa bà wá lórí gbogbo nǹkan ẹlẹ́mìí, a ó fẹ́ da aṣọ bo ọmọ, a ó fẹ́ da nǹkan bo ewéko. Omi sì rèé, tiwa ni pé omi ò lọ́tàá. Àmọ́ ní ti hyacinth, òtútù lọ̀rẹ́ ẹ̀, omi tó bá dúró sójú kan ló máa pa á. Tí ẹ bá mú ìyẹn sọ́kàn, gbogbo yòókù á rọrùn, ẹ ò ní nílò kí ẹnikẹ́ni tún máa sọ fún yín pé kí ẹ ṣe tibí kí ẹ ṣe tọ̀hún.

Ibi tí hyacinth ti ṣẹ̀ wá ni àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè olókùúta ní gúúsù Turkey, ní Syria àti Lebanon, Hyacinthus orientalis lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Òtútù gidi máa ń mú níbẹ̀, òjò á rọ̀, yìnyín á bọ́, ṣùgbọ́n orí gẹ̀rẹ́ ni, òkúta ni, omi á kàn ṣàn kọjá ni kò ní dúró. Tó bá di ìgbà ooru, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbẹ táútáú. Bulb yìí ti mọ ìgbà ẹ̀: á ta gbòǹgbò nígbà tí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, á wà nínú òtútù jẹ́jẹ́, bí òtútù bá ṣe ń káṣẹ̀ nílẹ̀ á yọrí, á tanná, ewé ẹ̀ á gbẹ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó le, á tún padà sùn.

Tí ẹ bá ní ẹyọ kan tí ẹ lè yááfì, ẹ mú ọ̀bẹ kí ẹ là á sí méjì láti orí dé ìdí. Ẹ máa rí ìpele funfun tó wé mọ́ra wọn, omi ẹ̀ á máa fà lọ́wọ́ díẹ̀, ẹ wá wo àárín gbùngbùn, nísàlẹ̀, ẹ máa rí nǹkan tíńtín kan tó nàró, tó ní kókó wẹ́wẹ́ yí i ká, àwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú ló máa ní. Òdòdó tó ń bọ̀ ní spring nìyẹn o! Ó ti wà ńbẹ̀ láti ìgbà ooru, gbogbo kókó wẹ́wẹ́ yẹn, òdòdó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa dà. Oúnjẹ ẹ̀ wà lára ẹ̀, òdòdó ẹ̀ wà nínú ẹ̀, kò béèrè ajílẹ̀ lọ́wọ́ yín ní báyìí, gbòǹgbò àti òtútù ló kù. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá nínú òtútù tí kò tó 9°C ló máa jẹ́ kí ọ̀pá òdòdó yẹn lè nà jáde. Ẹ̀yin wá gbé ti inú pọ́ọ̀tù wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ radiator, ooru tàn án pé spring ti dé, kò tíì rí òtútù tó máa jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀ gùn, ló bá sáré yọ ewé, òdòdó wá há sọ́rùn bulb. Kò sí àrùn níbẹ̀, kò sí ayédèrú bulb, òtútù ni kò rí.

Àwọn ti inú ilẹ̀ wá ńkọ́? Thamesmead tí ẹ ń gbé yẹn, àbàtà etí odò Thames ni ibẹ̀ látilẹ̀wá, Plumstead Marshes àti Erith Marshes, ọdún 1968 ni àwọn tó kọ́kọ́ gbélé níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀. Àwọn adágún àti kánáàlì tí ẹ ń rí káàkiri àdúgbò yẹn, wọ́n rẹwà lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ wọn ni pé kí omi rí ibi gbà kúrò lórí ilẹ̀. Ẹ wá wo ilẹ̀ tí omi ń sún mọ́ ojú ẹ̀ báyìí, tí ẹ tún ń bomi rin ín ní November àti December tí òjò London ò fúnra ẹ̀ dáwọ́ dúró, tí ẹ tún wá fi nylon dé e lórí tí afẹ́fẹ́ ò fi wọlé tí ọ̀rinrin ò sì jáde. Wọ́n jẹrà ni, kò sí bí wọn ò ṣe ní jẹrà. Ẹyọ méjì tó hù yẹn, mo lè búra pé ibi tó ga díẹ̀ ni wọ́n wà, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí òjò ò ti fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó rì ẹyọ kan mọ́lẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ dán ilẹ̀ yẹn wò. Ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó 30 cm, ẹ da omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, ẹ tún da omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wá máa wò ó. Tí omi bá fà lọ láàárín wákàtí díẹ̀, ilẹ̀ yẹn dáa, ẹ máa gbìn lọ. Tó bá dàárọ̀ ọjọ́ kejì tí omi ṣì ń wò yín níbẹ̀, ẹ má gbin bulb kankan sí i bó ṣe wà yẹn, owó lẹ máa sọ nù.

Ohun tí ẹ máa ṣe sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò le, ẹ mọ̀ ọ́n láti ilé: ẹ kọ ebè. Àní ebè, bí àwọn bàbá wa ṣe ń kọ ọ́ fún iṣu, kó ga tó 20 sí 30 cm ju ilẹ̀ lọ, tàbí kí ẹ fi pákó mẹ́rin kan àpótí tí kò nídìí, kí ẹ da iyẹ̀pẹ̀ sínú ẹ̀. Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ gádìnì yín pọ̀ mọ́ compost àti òkúta wẹ́wẹ́, tí ẹ bá dé gádìnì sẹ́ńtà ẹ ní kí wọ́n fún yín ní horticultural grit, ẹ má lọ ra yanrìn múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń kọ́lé, torí tí ìyẹn bá dàpọ̀ mọ́ amọ̀ ńṣe ló máa dì pọ̀. Ẹ má da ìgbẹ́ ẹran tí kò tíì rà dáadáa sí i, ìyẹn náà máa ń jẹ́ kí bulb jẹrà. Ibi tí oòrùn ń dé ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ó lè fara da òjìji díẹ̀ àmọ́ oòrùn ló fẹ́. Ìmọ̀ràn tèmi sì ni pé kí ẹ má gbé e lọ sí kọ̀rọ̀ ìparí gádìnì, ẹ jẹ́ kó wà nítòsí ilẹ̀kùn tàbí ọ̀nà tí ẹ ń gbà kọjá, torí òórùn hyacinth tí wọ́n ń sọ yẹn, tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ April tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó máa ń ta sánsán débi pé ẹ máa gbàgbé ibi tí ẹ ń lọ.

Ẹ wá kó bulb yín jáde, ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, mo tún un sọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Nǹkan tó máa ń jẹ́ kí kókò yún wa lọ́wọ́ tá a bá ń bó o, òun náà ló wà lára hyacinth, calcium oxalate ni wọ́n ń pè é, eruku ara èèpo ẹ̀ tó gbẹ yẹn á máa yún yín lọ́rùn àti lójú tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣa bulb gan-an máa ń ní ìyọnu ẹ̀. Tí ẹ bá parí ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ sì má gbé e kalẹ̀ ní kíṣìnì rárá, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àlùbọ́sà ni, ó ní májèlé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lè ṣe ajá àti ológìnní ní jàǹbá tí wọ́n bá hú u jẹ. Pẹ̀lú àwọn ìbejì tí ọwọ́ wọn ò kì í gbélẹ̀, ẹ jẹ́ kó ga ju ibi tí wọ́n lè dé lọ.

Bulb tó dáa máa ń wúwo lọ́wọ́, tí ẹ bá fi àtàńpàkò tẹ ìdí ẹ̀, níbi pẹrẹsẹ tí gbòǹgbò ń gbà yọ, ó gbọ́dọ̀ le. Tó bá tẹ̀ wọlé, tàbí tó ń rùn, tàbí tó fúyẹ́ bíi pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù sínú bíìnì, ẹ má sọ ọ́ sínú compost yín. Tó bá jẹ́ èèpo òde nìkan ló bu díẹ̀ tí ara ẹ̀ ṣì le, kò sí wàhálà, ẹ nu ún kúrò kí ẹ gbìn ín. Àrùn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní yellow disease, kòkòrò àìrí Xanthomonas hyacinthi ló ń fà á, inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Wakker ti ṣàlàyé ẹ̀ ní Netherlands. Tí ẹ bá gé bulb tí ẹ rí àmì yẹ́lò wẹ́wẹ́ tí nǹkan bí ọyún ń jáde níbẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ yẹn kan òmíràn, ẹ fọ̀ ọ́. Kò wọ́pọ̀ nínú bulb tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, torí náà kẹ́ ẹ má fi ìyẹn ba ara yín lẹ́rù.

Ẹ wo ara báàgì tí ẹ fi rà á. Tí wọ́n bá kọ "prepared" síbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi ooru tọ́jú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó lè tanná nínú ilé nígbà Kérésìmesì, irú ìyẹn wọ́n ju, inú ilé ni wọ́n ṣe é fún. Ti ìta ò nílò bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún máa ń kọ nọ́ńbà bíi 14/15 tàbí 18/19 sí i, bí àyíká bulb ṣe tó ní sẹ̀ǹtímítà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ gbé èyí tó tóbi jù, mi ò sì bá wọn lọ, torí èyí tó tóbi jù yẹn, òdòdó ẹ̀ á wúwo, tí afẹ́fẹ́ àti òjò March bá ti dé á ṣubú lulẹ̀. 14/15 tàbí 15/16 ló dáa fún ìta, owó ẹ̀ ò pọ̀, á sì dúró gírí.

Gbígbìn ẹ̀ gan-an ò gba àkókò. Ihò tó jìn tó nǹkan bíi 15 cm, ṣóńṣó òkè, ìdí pẹrẹsẹ sísàlẹ̀, kí iyẹ̀pẹ̀ tó bo orí ẹ̀ tó 10 cm, kí àárín bulb kan sí èkejì tó 8 cm. Ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí lọ́ ọ, ìdí ẹ̀ lè ha. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, tí ilẹ̀ bá gbẹ ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ wá fi òjò sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Nylon ò gbọ́dọ̀ kàn án. Mo mọ̀ pé tó bá di January tí ẹ rí orí ewé tó ń yọ ṣóńṣó bọ̀, tí yìnyín wá bọ́ lé e lórí lálẹ́ ọjọ́ kan, ọwọ́ á máa yún yín láti bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Á dà bíi pé ó ti rọ láàárọ̀, tí oòrùn bá yọ á tún gbérí.

Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ kan wà papọ̀ ní ojú kan. Báàgì aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó yẹn, ọ̀kan á tanná, á rọ, kí èkejì tó yọjú, gíga wọn ò tún dọ́gba, kò ní wú yín lórí. 'Delft Blue' ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, búlúù tó mọ́ níwọ̀nba, ó lágbára, òórùn ẹ̀ ò láfiwé. Tí ẹ bá fẹ́ funfun, 'Carnegie' wà. 'Jan Bos' pupa fòò tó ń lọ sí pínńkì. 'Woodstock' ní àwọ̀ pọ́pù tó dúdú, ẹ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun kó lè hàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fúnra mi ni 'City of Haarlem', yẹ́lò tó rọra ń mọ́, láti 1893 ló ti wà, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tanná, ìyẹn sì dáa torí tí àwọn yòókù bá ti ń rọ òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbérí bọ̀. Orúkọ Haarlem yẹn, ìlú kan ní Netherlands ni, ibẹ̀ ni òwò hyacinth ti gbilẹ̀ jù láyé àtijọ́, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún irú tí wọ́n ní lọ́wọ́ ju 2,000 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti parẹ́. Àgbẹ̀ kan ní Waterbeach, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cambridge, tó ń jẹ́ Alan Shipp, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó àwọn tó kù jọ, irú tó lé ní 200. Iṣẹ́ ribiribi lọkùnrin yẹn ṣe, torí hyacinth kì í tètè bí sí i: bulb kan lè wà fún ọdún púpọ̀ kó tó bí ọmọ díẹ̀ fúnra ẹ̀, àwọn tó ń gbìn ín tà ní láti gbẹ́ ìdí ẹ̀ tàbí kí wọ́n lànà sí i pẹ̀lú ọ̀bẹ kó lè yọ ọmọ wẹ́wẹ́, wọ́n á tún wá dúró fún ọdún mélòó kan kí àwọn ọmọ yẹn tó tóbi débi tí wọ́n á tanná gidi. Nígbà tí ẹ bá rí i tí owó ẹ̀ ju ti daffodil lọ, ìdí ẹ̀ nìyẹn.

Ti inú pọ́ọ̀tù, ọ̀nà kan náà ni, kí pọ́ọ̀tù ní ihò nídìí, kí ẹ fi bíríkì wẹ́wẹ́ gbé e sókè kúrò nílẹ̀ kí omi lè jáde, kó sì wà níta. Níta o, Ìyá Ìbejì, ẹ má gbé e wọlé. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbà kí ẹ bo nǹkan ni pọ́ọ̀tù yìí, torí iyẹ̀pẹ̀ inú pọ́ọ̀tù lè dì láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, kò dà bíi ti inú ilẹ̀, nítorí náà tí wọ́n bá ní òtútù burúkú máa mú fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ sún un mọ́ ara ògiri ilé, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tàbí bubble wrap yí ara pọ́ọ̀tù ká, ẹ fi orí ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Tí òdòdó bá ti jáde kúrò lọ́rùn bulb tí àwọ̀ ẹ̀ ti ń hàn, nígbà yẹn ẹ lè gbé e wọlé, síbi tí kò gbóná jù, kí àlejò lè gbóòórùn ẹ̀.

Ìparí March wọ April ni ẹ máa rí òdòdó níta. Slug àti ìgbín fẹ́ràn ewé ẹ̀ nígbà tó bá ṣì kéré, ẹ máa jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ kí ẹ ṣà wọ́n. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ hyacinth bó ṣe ń jẹ tulip, àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ máa ń wù ú túlẹ̀, ẹ fi wáyà alásẹ́ bò ó títí ewé fi máa yọ, asẹ́ ìyẹn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kò dà bíi nylon. Tí ọ̀pá òdòdó bá fẹ́ wó, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tì í.

Lẹ́yìn tó bá rọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ba ọdún tó ń bọ̀ jẹ́. Ẹ gé òdòdó tó ti rọ kúrò, àmọ́ ewé, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ má gé e, ẹ má ta á ní kókó kí ó lè mọ́ tónítóní bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Ewé yẹn ló ń se oúnjẹ tí bulb máa tọ́jú pamọ́, òun ló sì máa fi ṣe òdòdó míì. Ẹ máa fún un ní ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń fi sí tòmátò ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì títí ewé fi máa pọ́n, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tó bá ti gbẹ fúnra ẹ̀ ẹ fà á kúrò. Ní ìgbà ooru ẹ má bomi rin ibẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ náà lẹ fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ tí ẹ máa ń bomi rin lójoojúmọ́ sí, ẹ wú bulb jáde, ẹ sá a síbi tí kò sóòrùn, ẹ kó o sínú báàgì pépà tàbí àpò alásẹ́ títí September.

Lọ́dún kejì òdòdó ẹ̀ ò ní dí bíi ti àkọ́kọ́, á já sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àlàfo á wà láàárín. Kò sí ohun tẹ́ ẹ ṣe tí kò dáa. Bulb tí ẹ rà, àwọn àgbẹ̀ Netherlands ti bọ́ ọ fún ọdún púpọ̀ kó lè sanra, òdòdó ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n bọ́ ọ fún. Èmi gan-an fẹ́ràn tọdún kejì àti ìkẹta ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó fúyẹ́, kì í ṣubú, ó jọ ohun tó máa ń hù fúnra ẹ̀ lórí òkè. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dí pitimu lọ́dọọdún, kó máa fi tuntun díẹ̀ kún un ní autumn.

Ìdáhùn Mother's Day náà wà nínú ìyẹn. Ó ṣeé gbìn síta dáadáa, ẹ kàn jẹ́ kí ewé ẹ̀ gbẹ nínú pọ́ọ̀tù yẹn, níta, kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni pé kí ẹ tún fipá mú òun kan náà tanná nínú ilé ní Kérésìmesì tó ń bọ̀, agbára ẹ̀ ti tán, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi nínú ilẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ òmíì, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Iran ní London ní àárín March, sonbol ni wọ́n ń pè é, wọ́n máa ń gbé e sórí tábìlì ọdún Nowruz wọn, ìgbà yẹn ló máa ń pọ̀ lọ́jà.

Ó ku ti màmá wa n'Íbàdàn. Èyí tó ń dí ojú omi l'Ékòó àti Badagry, tí àwọn apẹja ń sunkún ẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1980, water hyacinth nìyẹn, South America ló ti wá, orí omi ló ń gbé, kò bá tiwa yìí tan rárá. Tiwa ò sì lè ṣe é n'Íbàdàn. Ọyẹ́ tó mú jù lọ níbẹ̀ kì í tutù tó, kì í sì pẹ́ tó, nǹkan bí oṣù mẹ́ta tó wà lábẹ́ 9°C ni hyacinth ń béèrè. Àwọn èèyàn wa ní Houston, tí òtútù ibẹ̀ náà ò tó, máa ń kó bulb sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́wàá sí méjìlá, láìfi èso kankan sínú fíríìjì yẹn, kí wọ́n tó gbìn ín ní December tàbí January, wọ́n á rí òdòdó lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á tún ra tuntun lọ́dún tó ń bọ̀. N'Íbàdàn, ta ló máa bá màmá ṣọ́ iná fún oṣù mẹ́ta kí fíríìjì má gbóná? Yàtọ̀ síyẹn, ẹ ò lè kàn ki bulb sínú báàgì wọ bàlúù, ìwé àṣẹ wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ Nigeria Agricultural Quarantine Service, àti ìwé ẹ̀rí láti England níbí pé kò lárùn, tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú wọn ò jẹ̀bi.

Tó bá jẹ́ òórùn dídùn ni màmá fẹ́, kí wọ́n gbin Queen of the Night sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ilé púpọ̀ nílé ló ní in, ẹ̀ka kan tí wọ́n bá gé lọ́dọ̀ aládùúgbò ti tó, kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé bulb gan-an ló wù wọ́n, kí wọ́n béèrè fireball lily lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ilẹ̀ Áfíríkà ni tiẹ̀, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ á ti inú ilẹ̀ yọ òdòdó pupa roboto bíi bọ́ọ̀lù. Òun náà ní májèlé nínú o, kí wọ́n má jẹ́ kí ewúrẹ́ àti ọmọdé sún mọ́ ọn.